Láti Túbú dé Ọ̀hún: Àtúnṣe Ọ̀dọ́ Arúfin ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń pe ibi tí ìjọba ń ti arúfin mọ́ kì í ṣe orúkọ ilé rárá. Irin ni ẹ̀wọ̀n: irin tí a so ojú rẹ̀ kọ́ ara wọn, tí a fi ń de ajá, tí a fi ń de ẹrú, tí a fi ń de ẹnikẹ́ni tí a kò fẹ́ kí ó sá lọ. Nígbà tí ìjọba òyìnbó kọ́ ilé olódi sí àárín ìlú, tí wọ́n kó àwọn tí a fi irin dè sínú rẹ̀, àwọn baba wa wo ilé, wọ́n wo irin, wọ́n sì fi orúkọ irin sọ ilé. Láti ìgbà náà ni a ti ń wí pé wọ́n sọ lágbájá sí ẹ̀wọ̀n, pé làkáṣègbè ti ẹ̀wọ̀n dé. Ọ̀rọ̀ kejì tí a ní, èyí ni túbú, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Àwọn méjèèjì sọ fún wa bí a ti ń de ènìyàn mọ́lẹ̀. Kò sí èyí tí ó sọ ohun tí a fẹ́ kí ẹni náà dà nígbà tí a bá tú u sílẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ni, ẹlòmíràn lè ní kí a fi mọ síbẹ̀, nítorí pé àgbà tí ó dáràn ti mọ ohun tí ó ń ṣe kí ó tó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí arúfin náà bá jẹ́ ọmọ ọdún 16 tàbí 18, tí irùngbọ̀n kò tíì kún ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, tí ọdún tí ó kù fún un láyé pọ̀ ju èyí tí ó ti lò lọ, ìbéèrè dìde tí a kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Ta ni yóò tún un ṣe? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ni, tàbí wọ́dà tí ń ṣọ́ ọ, tàbí òbí tí ó bí i, tàbí ìlú tí ó ṣẹ̀? Mo fẹ́ gba ọ̀nà ìtàn wo ọ̀rọ̀ yìí, kí n sì fi ìlú méjì ṣe òpó tí n óò fi ẹ̀yìn tì, èyíinì ni Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìdí tí mo fi yan àwọn méjèèjì ni pé ìtàn kan so wọ́n pọ̀, ìtàn ọkùnrin kan tí ó ti túbú jáde tí ó sì di olórí ìlú.

Ìtàn tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń sọ fún ọmọ wọn ni pé ọdẹ ni Ògúnlọlá tí ó tẹ ibùdó dó sí ìdí igi àjàgbọn. Àwọn ọdẹ mìíràn ti wà káàkiri agbègbè náà. Èéfín iná tí ń rú láti ibùdó wọn ni Ògúnlọlá fi mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ni ó wà nínú igbó. Wọ́n di ẹgbẹ́, wọ́n ń ṣọdẹ pọ̀, wọ́n sì ń gba ara wọn lọ́wọ́ ọ̀tá. Nígbà tí ó yá, Ògúnlọlá bọ́ sínú ẹ̀sùn ìpànìyàn. Wọ́n mú un lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n sì fi í sí àtìmọ́lé lábẹ́ àṣẹ Aláàfin. Ní àkókò náà, jagunjagun kan tí a ń pè ní Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń da Ọ̀yọ́ láàmú, apá àwọn ológun ọba kò sì ká a. Láti inú àtìmọ́lé ni Ògúnlọlá ti ránṣẹ́ pé bí wọ́n bá lè gba òun láàyè, òun yóò kojú rẹ̀. Wọ́n gbà fún un. Ó pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, ó gé orí rẹ̀, ó sì gbé e wá fún Aláàfin. Ọba dárí jì í. Nígbà tí ó sì tọrọ ààyè láti padà sí ibùdó rẹ̀ dípò kí ó máa gbé ní olú-ìlú, Aláàfin ní kí wọ́n jẹ́ kí ó máa ṣe ọ̀hún. Nínú “ṣe ọ̀hún” yìí ni wọ́n ní oyè Ṣọ̀ún ti jáde. Nínú “ó gbé orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́” sì ni orúkọ ìlú ti wá.

Oríṣiríṣi ẹnu ni ó ń sọ ìtàn yìí, ẹ̀ka rẹ̀ sì pọ̀. Èyí tí ó kàn wá ni ọ̀nà tí ó là sílẹ̀ fún ẹni tí ó dáràn. Àkọ́kọ́, ẹnìkan gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú àtìmọ́lé. Wọn kò wí pé ohùn apànìyàn kò yẹ ní gbígbọ́. Ẹ̀kejì, iṣẹ́ tí wọ́n fún un bá ẹ̀bùn rẹ̀ mu, nítorí pé ọdẹ ni. Ẹ̀kẹta, nígbà tí ó ṣe iṣẹ́ náà tán, wọ́n fún un ní ibi tí yóò dúró lé. Ọ̀hún kì í ṣe abẹ́ ojú ọba níbi tí wọn yóò ti máa fi ìka tọ́ka sí i lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe inú igbó níbi tí kò ti ní ẹnìkan. Ibi tí ó ní orúkọ, tí ó ní àwọn ènìyàn, tí a sì ń retí iṣẹ́ rere lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Mo gbà pé nínú ohun mẹ́ta wọ̀nyí, ìkẹta ni ó ṣòro jù, òun náà sì ni àwọn ìjọba tí ó ti jẹ láti ìgbà náà wá kò tíì rí ṣe fún àwọn ọ̀dọ́.

Kí a má ṣe tìtorí ìtàn dídùn yìí kun ayé àtijọ́ ní osùn ju bí ó ti yẹ lọ. Bí Ògúnlọlá kò bá mọ ogun jà, ta ni yóò ti gbọ́ ohùn rẹ̀? Àwọn Tẹ̀tú wà ní Ọ̀yọ́, idà wọn kì í sì í ṣe ohun ẹ̀ṣọ́. Ẹni tí olè jíjà bá di bárakú fún, àwọn ẹbí rẹ̀ tí ó ti sú lè jọ̀wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tà á lẹ́rú, kí ojú má baà ti wọn mọ́. Àánú tí Ọ̀yọ́ fi hàn sí Ògúnlọlá jẹ́ àánú fún ẹni tí ó wúlò. Àwọn tí kò ní nǹkan lọ́wọ́ tí wọn yóò fi ra ara wọn padà, ìtàn kò dárúkọ wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìlú kan tí ó ń jẹ́ orúkọ wọn.

Bí ó ti wù kí ó rí, ti ọmọdé yàtọ̀. Ọmọ tí ó jalè ní agbo ilé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tètè dé ààfin. Baálé ni yóò pe ẹbí jọ. Wọn yóò san ohun tí ó sọnù, wọn yóò na ọmọ náà, lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá ẹni tí apá rẹ̀ ká a láàrin àwọn ẹbí baba tàbí ti ìyá, wọn yóò sì fi í sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń wí pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Wọ́n tún wí pé ọmọ ẹni kì í burú títí kí a fi fún ẹkùn pa jẹ. Bí a bá farabalẹ̀ wo òwe kejì yìí, a óò rí i pé ẹni tí kò bá ti rò ó lọ́kàn rí láti fi ọmọ fún ẹkùn kò nílò òwe tí yóò dá a lẹ́kun. Àwọn àgbà mọ̀ pé ọmọ lè burú dé ibi tí ọkàn òbí yóò fi yigbì. Wọ́n fi òwe náà ṣe ọgbà sí ojú ọ̀nà ẹkùn.

Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láti tún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe ni ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ẹ wo ìlú Ọ̀yọ́, níbi tí iṣẹ́ igbá fínfín àti iṣẹ́ awọ ti jẹ́ ìran-àn-ran. Ọmọ tí ó bá jókòó ti afíngbá, ọ̀bẹ ni wọn yóò fi sí i lọ́wọ́. Ọ̀bẹ kan náà tí ó lè fi ṣe ènìyàn léṣe. Ọ̀gá rẹ̀ yóò kọ́ ọ bí a ti ń fi ọ̀bẹ náà tẹ̀lé ojú igbá láìjẹ́ pé igbá lu. Bí ó bá yára jù, iṣẹ́ bàjẹ́. Bí ó bá bínú, iṣẹ́ bàjẹ́. Kò sí ìwàásù nínú rẹ̀, síbẹ̀ sùúrù ni ọmọ náà ń kọ́ láti àárọ̀ dé alẹ́. Lọ́jọ́ tí ó bá parí, wọn yóò ṣe ayẹyẹ fún un. Ọ̀gá yóò gbàdúrà, òbí yóò sè, yóò rọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ yóò péjọ. Orúkọ tí a wá ń pe ayẹyẹ náà lónìí ni fírídọ̀mù, èyí tí í ṣe òmìnira. Ẹ fi ọ̀rọ̀ òmìnira yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò tún padà bá a ní ẹnu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n.

Bí ìjọba òyìnbó ṣe wọlé, ọ̀rọ̀ ìyà arúfin wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi gba agbára lọ́wọ́ ọba. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kọkànlá, ọdún 1895, Captain Bower tí í ṣe aṣojú ìjọba ní Ìbàdàn yìnbọn àgbá sí ìlú Ọ̀yọ́ nígbà ayé Aláàfin Adéyẹmí Kìíní. Ìjà náà kò ṣẹ̀yìn ẹjọ́ ọkùnrin kan tí wọ́n tẹ̀ lọ́dàá nítorí pé ó bá obìnrin olóbìnrin lò. Òyìnbó ní ìwà ìkà ni. Ọba rí i pé àṣẹ ìdájọ́ ni wọ́n fẹ́ já gbà lọ́wọ́ òun. Òótọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ní ọdún 1904, wọ́n mú kí Ọ̀yọ́ fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó kó àwọn ẹjọ́ ńláńlá bí ìpànìyàn lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba. Láti ìgbà náà, ọwọ́ tí ń tẹ ènìyàn lọ́dàá rọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ń ti ilẹ̀kùn le sí i. Èkó ti ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Broad Street láti ọdún 1872, èyí tí wọ́n kọ́ fún 300 ènìyàn. Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ fìdí múlẹ̀ lábẹ́ àwọn ọba, àwọn náà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tiwọn, tí wọ́n ń lò títí di ọdún 1968 nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kó gbogbo ọgbà ẹ̀wọ̀n sí abẹ́ àṣẹ kan ṣoṣo.

Nínú gbogbo èyí, ọmọdé kò ní ààyè tirẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìlú ńlá ni ó mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ yọ. Ojú irin àti mọ́tò kó ọmọ láti abúlé àti ìlú kéékèèké lọ sí Èkó àti Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ baálé láìbọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Láàrin ọdún 1930 sí 1960, ọ̀rọ̀ jàgùdà gba Ìbàdàn kan, ẹnu gbogbo ayé ni ó sì wà títí di òní. Ní ọdún 1941, ìjọba fi Donald Faulkner ṣe òṣìṣẹ́ tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí ní Èkó. Ní ọdún 1943 ni òfin àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ jáde. Òfin náà pe ẹni tí kò tíì pé ọdún 14 ní ọmọdé, ó sì pe ẹni tí ó ti pé ọdún 14 tí kò tíì pé 17 ní ọ̀dọ́. Ó dá ilé ẹjọ́ ọ̀tọ̀ sílẹ̀ fún wọn, ó sì ní kí a má ṣe lo ọ̀rọ̀ ìdálẹ́bi àti ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n fún ọmọ tí ó bá ti iwájú ilé ẹjọ́ náà kọjá.

Ẹni tí ó kọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn mọ ohun kan tí Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́, pé orúkọ a máa ro ọmọ. Bí a bá pe ọmọ ní olè ní òwúrọ̀, tí a pè é ní ọ̀sán, tí a tún pè é ní alẹ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò jẹ́ orúkọ náà. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dí àdúgbò lẹ́nu. Àdúgbò kò ka ìwé òfin. Bí ọmọ bá ti lọ sí ibi tí ìjọba ti odi yí ká, ẹlẹ́wọ̀n ni àdúgbò yóò pè é nígbà tí ó bá dé.

Fún àwọn tí ọjọ́ orí wọn ju ti ọmọdé lọ díẹ̀, ìjọba yá àṣà kan lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní abúlé Borstal, ní agbègbè Kent, ni Evelyn Ruggles-Brise ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 1902, láti ya àwọn ọ̀dọ́kùnrin sọ́tọ̀ kúrò láàrin àwọn ògbólógbòó ọ̀daràn, kí wọ́n lè fi iṣẹ́, ẹ̀kọ́ àti ìlànà tún wọn ṣe. Ní ọdún 1908 ni ó di òfin nílẹ̀ wọn. Ọdún 1960 tí a gba òmìnira ni Nàìjíríà ṣe òfin Borstal tirẹ̀, fún ẹni tí ó ti pé ọdún 16 tí kò tíì pé 21. Àkókò tí wọn yóò lò níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọdún 3 lọ. Ti Kàdúná ni ó kọ́kọ́ ṣí, ní ọdún 1962. Lẹ́yìn náà ni ti Abẹ́òkúta àti ti Ganmọ, lẹ́bàá Ìlọrin, dé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a ti yá àṣà yìí ti fi òfin ọdún 1982 pa á rẹ́ nílẹ̀ tiwọn. Àwa ṣì ń lò ó.

Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin kò jìn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bá mú lọ sí Ganmọ kò kúrò nílẹ̀ Yorùbá. Ohun tí yóò bá níbẹ̀ kì í ṣe ìyà nìkan. Iṣẹ́ káfíńtà wà, aṣọ rírán wà, bàtà ṣíṣe wà, kíláàsì wà, àwọn kan sì ń jókòó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá níbẹ̀. Nínú ètò, ẹ̀kọ́ṣẹ́ agbo ilé ni wọ́n gbé wọ inú odi. Síbẹ̀, ìjàkadì tí ọmọ náà ń jà níbẹ̀ le ju ti ọmọ tí ó jókòó ti afíngbá lọ. Agogo ni ó ń jí i, agogo ni ó ń sọ fún un pé kí ó jẹun, agogo ni ó ń sọ fún un pé kí ó sùn. Bí ó bá ṣe gbogbo rẹ̀ bí ó ti yẹ fún ọdún 2, ìwé rẹ̀ yóò mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n báwo ni òun fúnra rẹ̀ yóò ṣe mọ̀ bóyá ìwà ni òun ní tàbí ẹ̀rù ni ó ń ba òun? Ẹni tí kò sí owó níwájú rẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá òun ti jáwọ́ nínú olè jíjà. Ẹni tí kò lè jáde kò lè mọ̀ bóyá òun yóò padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́. Ní òru, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fi ọ̀ràn tí wọ́n dá ṣe fáàrí, kò rọrùn fún un láti dákẹ́, nítorí pé nínú odi, ẹni tí kò ní ìtàn burúkú láti sọ ni ojú ń tì. Ohun tí Yorùbá ń pè ní ìwà ni èyí tí ó kù lára ènìyàn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá ṣọ́ ọ, a kò sì lè dán an wò ní ibi tí a ti ń ṣọ́ ènìyàn tọ̀sán-tòru. Nítorí náà, ọjọ́ tí ọmọ náà bá jáde ni ìdánwò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn mìíràn wà tí ọlọ́pàá kọ́ ni ó mú wọn. Òfin gba òbí láàyè láti mú ọmọ tí apá rẹ̀ kò ká mọ́ lọ síwájú ilé ẹjọ́, ọ̀pọ̀ òbí sì ti lo ààyè náà. N kò ní dá irú òbí bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́. Ìyá tí ó dá nìkan ń tọ́ ọmọ nínú yàrá kan ní ìlú ńlá, tí kò ní baálé, tí kò ní àbúrò ọkọ tí yóò gbé ọmọ lé lọ́wọ́, kí ni kí ó ṣe? Ìjọba ni ó rí tí ó jọ ẹbí. Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa: ọmọ tí òbí rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú lọ sí ibi odi kò ní gbàgbé ọwọ́ tí ó mú un lọ. Bí ọwọ́ kan náà kò bá wà ní ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ tí yóò jáde, yóò gbà pé ẹkùn ni wọ́n fi òun fún.

Ìlú Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ ti rí ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí dídè nìkan bá kù nínú iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ọdún 2007 ni wọ́n dá ọgbà Abolóńgo sílẹ̀, ènìyàn 160 ni wọ́n sì ṣe é fún. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ, ọdún 2019, òfin tuntun jáde tí ó sọ ilé iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n di ilé iṣẹ́ àtúnṣe ìwà. Orúkọ yí padà, àwọ̀ pátákó yí padà. Ọdún 2 àti oṣù 2 lẹ́yìn náà, ní alẹ́ ọjọ́ 22, oṣù Kẹwàá, ọdún 2021, àwọn agbébọn fi ohun abúgbàù fọ́ ọgbà náà. Iye àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà lé ní 900. Nínú wọn, àwọn 837 ni ó ń dúró de ìdájọ́, gbogbo wọn ni wọ́n sì tú jáde. Ibi tí àwọn 64 tí a ti dá lẹ́bi wà kò fọ́. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ọwọ́ tún ba 262.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ iye wọ̀nyí wò dáadáa. Nínú ilé tí a pè ní ilé àtúnṣe ìwà, bí a bá ka ènìyàn 10, àwọn 9 nínú wọn ni ilé ẹjọ́ kò tíì sọ pé wọ́n ní ìwà tí ó nílò àtúnṣe. Ní gbogbo Nàìjíríà, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí ó wà ní àhámọ́ ni ó ń dúró de ìdájọ́. Ẹni tí ń dúró de ìdájọ́ kì í sábà kọ́ṣẹ́, nítorí pé ètò iṣẹ́ wà fún ẹni tí ó mọ iye ọjọ́ tí yóò lò. Ó kàn jókòó ni, kò mọ̀ bóyá ọ̀la ni tàbí ọdún márùn-ún sí i. Bí irú ibẹ̀ bá gba ọ̀dọ́ kan, ọ̀gá tí yóò kọ́ ọ ní iṣẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tí ó sùn tì í ni. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2006, gbé ọjọ́ orí ọmọ dé 18, kí irú èyí má baà ṣẹlẹ̀ sí wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ní ilé ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tí ó dáràn ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó pé ọdún 18 lánàá, tí ó dáràn lónìí, àgbà ni òfin kà á sí, bí ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ti ọmọdé síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà ti ẹ̀wọ̀n dé nílẹ̀ wa. Nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ẹni tí wọ́n sọ sí ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1963, jáde ní oṣù Kẹjọ, ọdún 1966, ìdùnnú ni Yorùbá fi pàdé rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, kọmíṣánnà ètò ìnáwó ni ó jẹ́ fún gbogbo Nàìjíríà. Kò sí ẹni tí ó pè é ní ẹlẹ́wọ̀n, nítorí pé àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà pé a fìyà jẹ ẹ́ ni. Ọ̀dọ́ tí ó jí fóònù kò ní irú ìgbàlà yìí. Òun mọ̀ pé òun jẹ̀bi, ìlú náà sì mọ̀. Nígbà tí a bá ń ṣe ìwádìí fún ìgbéyàwó, lára ohun tí àwọn ẹbí máa ń béèrè ni bóyá ẹ̀wọ̀n wà nínú ìdílé náà, bí wọ́n ti ń béèrè nípa àrùn. Ẹni tí ó fẹ́ gbà á síṣẹ́ yóò béèrè. Onílé tí ó fẹ́ gbà á sílé yóò béèrè. Àwọn tí kò ní béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀ ni àwọn tí wọ́n jọ wà nínú odi.

Àwọn àgbà wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú; bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àgbà ń wo ohun tí ó gbé e ṣubú. Ọmọdé ń wo ẹni tí yóò gbé e dìde. Ọ̀dọ́ tí ó jáde láti inú ọgbà, tí ó wo iwájú tí kò rí ẹnìkan, ìṣubú kejì ti sún mọ́ ọn. Níbí ni òmìnira méjì tí mo mẹ́nu bà ti pàdé. Ọmọ tí ó kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Ọ̀yọ́ fún ọdún 3 àti ọmọ tí ó kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Ganmọ fún ọdún 3 lè mọ iṣẹ́ dé ìwọ̀n kan náà. Ọ̀kan gba òmìnira lójú gbogbo ayé, ọ̀gá rẹ̀ jẹ́rìí sí i, àwọn oníbàárà mọ ojú rẹ̀. Èkejì gba òmìnira tí kò ní ẹlẹ́rìí. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbé igi fún un.

Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún wa láti ṣe kò kọjá agbára ìlú. Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ẹgbẹ́ oníṣẹ́-ọwọ́, wọ́n ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tí wọn kò ṣeé kà tán. Bí ẹgbẹ́ káfíńtà kan bá gbà láti rán ọ̀gá méjì lọ wo iṣẹ́ ọmọ náà kí ó tó jáde, tí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé òmìnira rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ tiwọn, ó ti ní ẹlẹ́rìí. Bí ẹbí rẹ̀ bá lọ pàdé rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n jẹun pọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ti sọ fún àdúgbò orúkọ tí wọ́n fẹ́ kí ó máa pè é. Bí ilé rẹ̀ àtijọ́ bá jẹ́ ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ ti ń dúró dè é, kí wọ́n wá ìlú mìíràn fún un, lọ́dọ̀ ẹni tí apá rẹ̀ ká a, gẹ́gẹ́ bí àwọn baálé ti máa ń ṣe. Ọmọ náà ni yóò ja ìjàkadì ìwà fúnra rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a jà á. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í jà ní orí òfúrufú. Ó ní láti rí ilẹ̀ tẹ̀.

Ògúnlọlá ní orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ láti gbé kalẹ̀ níwájú ọba kí wọ́n tó fún un ní ọ̀hún. Ọ̀dọ́ tí ń ti Ganmọ bọ̀ kò ní orí ẹnikẹ́ni ní ọwọ́, a kò sì fẹ́ kí ó ní. Gbogbo ohun tí ó lè gbé wá kò ju iṣẹ́ tí ó kọ́ àti ìlérí tí ó ṣe fún ara rẹ̀ ní òru lọ, ìlérí tí kò tíì sí ẹni tí ó dán an wò. Bí a bá ní kí ó kọ́kọ́ fi hàn pé òun ti yí padà kí a tó fún un ní ibi tí yóò dúró lé, a ti béèrè èso lọ́wọ́ igi tí a kò tíì gbìn. Ìlú tí orúkọ rẹ̀ ti inú ìdáríjì ẹlẹ́wọ̀n jáde yẹ kí ó lè fún un ní ọ̀hún ṣáájú.